Ilé-Ìwé Tí Kò Ní Yàrá Ìkàwé: Ọ̀rọ̀ Wa sí Gbogbo Ọmọ Ìkálẹ̀

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́

Bí àgbẹ̀ kan bá ra àdá fún ọmọ rẹ̀, tí ó kọ́ ọmọ náà bí a ti í pọ́n ọn àti bí a ti í dì í mú, ṣùgbọ́n tí kò fún un ní ilẹ̀ tí yóò ro, kí ni a ó wí nípa irú baba bẹ́ẹ̀? A ó wí pé ààbọ̀ iṣẹ́ ni ó ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé wa rí, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. A ń kọ́ ọmọ ní A, B, D. A ń kọ́ ọ bí a ti í so lẹ́tà pọ̀ di ọ̀rọ̀ àti bí a ti í so ọ̀rọ̀ pọ̀ di gbólóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá mọ̀wé kà tán, a kò fún un ní ìwé tí yóò kà. Àdá wà ní ọwọ́ rẹ̀, kò sí oko. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àdá tí a fi kọ́ ara ògiri láti ọdún dé ọdún, ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́.

Ohun tí a fẹ́ bá gbogbo ènìyàn sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí kò ní yàrá ìkàwé nínú, ààbọ̀ ẹ̀kọ́ ni, ojúṣe wa sì ni láti wá ààbọ̀ kejì rí. A kò sọ ọ́ láti bú ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní dárúkọ ilé-ìwé kan kí ojú má baà ti àwọn tí ń ṣe wàhálà níbẹ̀. A ń sọ ọ́ nítorí pé àwọn baba wa wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a sì kọ́ dé ààbọ̀, òun náà lè tà á ní ọ̀pọ̀, láìmọ ohun tí ó wà nínú ìwé tí ó fi ọwọ́ sí.

IBI TÍ A TI Ń BỌ̀

Kí a tó rojọ́, ó yẹ kí a rántí iṣẹ́ àwọn tí ó ṣáájú wa. Ní oṣù Keje ọdún 1952 ni Olóyè S. O. Awókòyà, Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, gbé àbá kalẹ̀ níwájú Ilé Aṣòfin ní Ìbàdàn pé kí gbogbo ọmọ máa lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín; wọ́n ní owó kò ní í tó, wọ́n ní tíṣà kò ní í tó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilẹ̀kùn ilé-ìwé ṣí sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954 jẹ́ 456,600. Ní 1955 wọ́n di 811,432. Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí ó wá di Gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979, wà lára àwọn tí ó fi làákàyè wọn gbé ètò náà kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ Action Group. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ jẹ nínú oore náà. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ apẹja, ọmọ ẹni tí ń fún epo àti ọmọ ẹni tí ń ṣe púpurú tà ní ọjà, gbogbo wọn jókòó pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Kì í ṣe pé àwọn aṣáájú wọ̀nyí gbàgbé ìwé. Láti ọdún 1859 tí Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé kí ìwé kíkà di bárakú fún àwọn ènìyàn wa. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní ẹ̀ka kan ní Ìbàdàn tí ń ṣe ìwé fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, sì wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. J. F. Ọdúnjọ, tí òun náà jẹ́ mínísítà nínú ìjọba yẹn, ni ó ṣe àwọn ìwé Aláwìíyé tí àìmọye ènìyàn fi mọ̀wé. Ìbàdàn kan náà ni àjọ UNESCO ti pe àwọn ọ̀mọ̀wé jọ ní ọdún 1953, láti gbìmọ̀ bí ilé ìkàwé yóò ti gbilẹ̀ ní Áfíríkà.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Nígbà tí ọmọ ogójì bá wà ní ẹnu ọ̀nà, tí yàrá kan ṣoṣo sì wà, yàrá tí a ní lọ́kàn fún ìwé ni a ó kọ́kọ́ sọ di kíláàsì. Nígbà tí owó bá kéré, àga àti òrùlé ni a ó kọ́kọ́ rà. Lẹ́yìn èyí, olóṣèlú tí ó kọ́ ilé tuntun yóò pe àwọn oníròyìn, yóò gé rìbọ́nù, àwòrán rẹ̀ yóò sì jáde. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń gé rìbọ́nù nítorí ìwé ọgọ́rùn-ún tí a tò sórí pákó? Báyìí ni ohun tí a sún síwájú fún ọdún kan ṣe di ohun tí a sún síwájú fún ìran mẹ́ta.

OHUN TÍ YÀRÁ ÌKÀWÉ Ń ṢE FÚN ỌMỌ

Àwọn kan yóò béèrè pé ṣé ìwé tí olùkọ́ fi ń kọ́ni nínú kíláàsì kò tó ni. Rárá, kò tó. Ìwé kíláàsì ni ìwé tí a fi dandan lé ọmọ lọ́wọ́. Tìtorí ìdánwò ni ó ṣe ń kà á, bí ìdánwò bá sì ti parí, ó di ohun ìdáná tàbí ohun tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà. Ìwé inú yàrá ìkàwé ni ìwé tí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú, tí ó sì ń kà nítorí pé ó fẹ́ mọ ibi tí ìtàn náà yóò já sí. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìwé kíkà ti í yá ọmọ lẹ́nu. Ẹ̀yin ará etí odò Olúwa, ẹ̀yin ni ẹ ó jẹ́rìí: kò sí ọmọ tí a fi ẹnu kọ́ ní odò wíwẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ rí. Omi ni a ń jù ú sí, kí ó máa ta ẹsẹ̀, kí ó máa mu díẹ̀ nínú rẹ̀, títí tí omi yóò fi gbé e. Ọmọ tí ń ka ìwé márùn-ún péré ní ọdún, létí odò ni ó wà, kò tí ì wọ omi.

Ọ̀rọ̀ yìí tún wá jẹ ọmọ Ìkálẹ̀ lógún ju ti ẹlòmíràn lọ. Ọmọ wa ń sọ èdè Ìkálẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní ilé. Ó ń bá Yorùbá àjùmọ̀lò pàdé nínú ìwé àti lórí rédíò. Ó tún ń bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé lẹ́nu tíṣà. Ẹ̀ka-èdè kan àti èdè méjì ni ó ń gbé rù kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bí kò bá rí ìwé púpọ̀ kà, kò sí èyí tí yóò dá a lójú nínú Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì; yóò máa fi ẹsẹ̀ kan ta síbí, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ kejì ta sọ́hùn-ún.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìwé Yorùbá ń fa ọmọ sẹ́yìn. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò kan nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n wọn àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ́ àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ Yorùbá yìí kò gbẹ́yìn. Wọ́n tayọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í sábà rántí nípa ètò yẹn: àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní láti jókòó kọ ìwé tuntun fún gbogbo kíláàsì, nítorí wọ́n mọ̀ pé èdè tí kò ní ìwé lọ́wọ́ ọmọ, ẹnu lásán ni yóò mọ.

Ẹ jẹ́ kí a tún mú ohun mìíràn wá, tí ó wà ní abẹ́ ẹsẹ̀ wa gan-an. Ní nǹkan bí ọdún 1908, ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, tí John Simon Bergheim jẹ́ olórí rẹ̀, gbé ẹ̀rọ wá sí àgbègbè Òkìtìpupa, ó ń gbẹ́ ilẹ̀, ó ń wá ọ̀dà dúdú tí a fi ń ṣe títì. Bergheim kú ní 1912, ogun ńlá sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, iṣẹ́ náà dúró. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn àjèjì ti mọ ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ wa. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó mọ̀ ọ́n? Ìwé wo ni a kó fún wọn tí ó ṣàlàyé bí ọ̀dà ti í dé inú ilẹ̀, bí a ti í wà á, ohun tí ó lè ṣe fún ìlú àti ìpalára tí ó lè ṣe fún odò àti oko? Ọmọ Ìjù-Odò kan, Olúṣẹ́gun Agagu, kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú rẹ̀, ó sì di Gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 2003 sí 2009. Kò yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan láàárín ìran kan. Bí a bá fi ìwé nípa ilẹ̀, omi, igi ọ̀pẹ àti igi rọ́bà sí iwájú ọmọ ọgọ́rùn-ún, a kò mọ mélòó nínú wọn ni iná yóò ràn nínú rẹ̀.

ỌMỌ OLÓWÓ ÀTI ỌMỌ TÁLÁKÀ

Àwa tí a ń jà fún ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù kò gbọdọ̀ gbàgbé ìhà yìí. Ọmọ olówó kò nílò yàrá ìkàwé ilé-ìwé tó bẹ́ẹ̀. Ìwé wà ní pálọ̀ baba rẹ̀, bí kò bá sì sí, baba rẹ̀ lè rà á ní Èkó. Ọmọ tálákà ni yàrá ìkàwé wà fún. Òun ni ibi kan ṣoṣo tí ọmọ ẹni tí ń gé ọ̀pẹ ti lè dì mú ìwé kan náà tí ọmọ gómìnà ń dì mú.

Ẹ wo ìtàn Andrew Carnegie. Ọmọ tálákà ni, láti Scotland. Àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà, òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọmọdé. Ọkùnrin kan ní ìlú wọn, Colonel James Anderson, ní ìwé bí irínwó nínú ilé rẹ̀. Ní ọjọọjọ́ Sátidé ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n wá yá ìwé kan lọ sí ilé, kí wọ́n dá a padà ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e. Irínwó ìwé péré ni! Carnegie dàgbà, ó di ọlọ́rọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn, ó sì fi owó rẹ̀ kọ́ ilé ìkàwé 2,509 káàkiri ayé. Ní ilẹ̀ tiwa, Olóyè Awólọ́wọ̀, tí ikú pa baba rẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré, fi ìwé tí ó ń kà fúnra rẹ̀ lálẹ́ gba oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, kí ó tó di agbẹjọ́rò. Dókítà Nnamdi Azikiwe náà sọ bí ìtàn ìgbésí ayé James Garfield, ọmọ tálákà tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà, ti gbé ọkàn òun sókè nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́. Àwọn ènìyàn ńlá méjèèjì yìí kò sí nínú ẹgbẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ìwé ni ó la ojú àwọn méjèèjì.

Ìdí pàtàkì mìíràn tún wà. Ẹni tí kò lè kà ni a ń kà fún. Ẹni tí a sì ń kà fún ni a ń rẹ́ jẹ. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ọ̀pẹ, ilẹ̀ rọ́bà, ilẹ̀ tí àwọn onílé-iṣẹ́ ń wá. Lójoojúmọ́ ni ìwé àdéhùn ń bọ̀, tí olórí ẹbí ń fi àtàǹpàkò tẹ̀. Bí ọmọ kan bá wà nínú ẹbí náà tí ó ti mọ́ lára láti ka ìwé gígùn láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, tí kì í sá fún lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí ó wà nísàlẹ̀, ọmọ yẹn ju agbẹjọ́rò lọ fún wọn. Òmìnira tí a gbà ní 1960 kò ní í dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù àyàfi bí mẹ̀kúnnù bá lè ka òfin tí a fi ń ṣe àkóso rẹ̀.

ÀWÍJÀRE TÍ A MÁA Ń GBỌ́

Àwíjàre àkọ́kọ́ ni pé kò sí owó. A gbà pé owó wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìnáwó òkú ní ìlú wa, ẹ jẹ́ kí a ka màlúù, kí a ka ankóò, kí a ka àgọ́ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. A kò wí pé kí a má sin àwọn òbí wa. Ọmọ tí ó sin òbí rẹ̀ ṣe ohun rere. Ohun tí a wí ni pé owó màlúù kan ṣoṣo tó láti fi bẹ̀rẹ̀ àpótí ìwé ní ilé-ìwé kan, kí a sì kọ orúkọ olóògbé sí ara rẹ̀. Ẹran tán ní ọjọ́ kẹta. Ìwé wà níbẹ̀ títí ọmọ-ọmọ yóò fi kà á.

Àwíjàre kejì ni pé fóònù ti gba ipò ìwé. Fóònù jẹ́ ohun rere, a kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n fóònù baba ni, baba sì gbé e lọ sí oko. Bí ó bá wà nílé, iná kò sí tí wọ́n yóò fi ṣàjì rẹ̀. Bí iná bá wà, dátà kò sí. Bí dátà bá wà, orin àti fídíò ẹ̀fẹ̀ ni ọmọ yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ìwé kò fẹ́ iná ju ti oòrùn lọ. Bí kọ̀ǹpútà bá sì dé yàrá ìkàwé ní ọjọ́ kan, a ó kí i káàbọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ ìwé í kà dáadáa, kí ni yóò kà nínú rẹ̀?

Àwíjàre kẹta ni ó burú jù, nítorí láti ẹnu àwọn tí ó fẹ́ràn ìwé ni ó ti ń jáde. Wọ́n á ní: “Bí a bá fún àwọn ọmọ, wọn yóò bà á jẹ́.” Nítorí èyí, ìwé tí ìjọba fi ránṣẹ́ àti èyí tí àwọn olóore kó wá, a tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹnìkan tí kò sí nítòsí. A ń béèrè: ìwé tí ọmọ ogún kà títí tí èèpo rẹ̀ fi ya, ǹjẹ́ kò ti ṣe iṣẹ́ tí a rán an? Ṣùgbọ́n ìwé tí ikán jẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù títì, ta ni ó ṣe ní àǹfààní? Ní ilẹ̀ òjò bíi tiwa, níbi tí ọ̀rinrin ti ń wọ inú ohun gbogbo, ìwé tí a kò ṣí ni ó ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó ikán ní ìparun.

ÀPẸẸRẸ WÀ NÍTÒSÍ

Kì í ṣe pé a ń sọ ohun tí ẹnìkan kò ṣe rí. Ní ọdún 1964 ni àjọ UNESCO àti ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò àwòṣe kan ní Èkó lórí ilé ìkàwé inú ilé-ìwé. Ní ọdún 1973, ní Abádínà, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ kékeré ń gbé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòún Ògúnṣẹ̀yẹ dá ilé ìkàwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Kì í ṣe fún ọmọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó kọ́kọ́ ronú; ọmọ àwọn tí ń gbá ọgbà, tí ń wakọ̀, tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni ó rí. A ó fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mọ orúkọ obìnrin náà.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn wa. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè, tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1977, ka ilé ìkàwé mọ́ àwọn ohun tí ó ṣe kókó jù nínú iṣẹ́ ẹ̀kọ́, ó sì gbé e lé ọrùn ẹni tí ó ni ilé-ìwé pé kí ó pèsè rẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ya owó sọ́tọ̀ láti inú àpò ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìpínlẹ̀ tó gba ìpín tirẹ̀, ó ní láti mú owó tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá wá tọrọ ìbò lọ́dọ̀ yín ní Òkìtìpupa tàbí ní Òde-Ìrèlè, ẹ má ṣe béèrè títì nìkan. Ẹ bi í pé: “Ṣé ìpínlẹ̀ wa ti san ìpín tirẹ̀? Èló nínú rẹ̀ ni ó di ìwé lọ́wọ́ ọmọ?”

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Sí ìjọba ìpínlẹ̀ àti àjọ SUBEB: ẹ má ṣe fọwọ́ sí àwòrán ilé-ìwé tuntun kan mọ́ tí kò bá ní yàrá ìkàwé nínú. Kí ẹ sì jẹ́ kí ìdajì ìwé tí ẹ ó kó wá jẹ́ Yorùbá. Ìwé wà: Fágúnwà wà láti 1938, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí wà, Akínwùmí Ìṣọ̀lá wà, àwọn tí ó tẹ̀lé wọn sì pọ̀.

Sí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé àti olùkọ́: ẹ má dúró de ilé ńlá. Igun kan nínú kíláàsì tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé pákó kúrò nílẹ̀ nítorí ikán, ẹ jẹ́ kí ó jìnnà díẹ̀ sí ògiri nítorí ọ̀rinrin, ẹ sì máa kó ìwé síta oòrùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí olùkọ́ kan máa bójú tó o, kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà máa ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tí ó yá ìwé sí. Kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ tí a kò ní í fi ṣe nǹkan mìíràn, kí ọmọ yá ìwé kan lọ sí ilé ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó dá a padà ní ọjọ́ Ajé. Bí ìwé kan bá sì sọnù nínú mẹ́wàá, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ mẹ́sàn-án.

Sí àwọn ọba wa, láti orí Abodi dé orí gbogbo àwọn tí ó jókòó lórí ìtẹ́ ní Ìdèpé, Òṣóòrò, Ayé, Ìrèlè àti Èrínjẹ. Àti sí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà: àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú ilé-ìwé kan, kí ó fi ìwé ọ̀ọ́dúnrún bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tí a fi orúkọ Agagu pè ní Òkìtìpupa wà nítòsí. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n wá ka ìwé pẹ̀lú àwọn ọmọdé ní ọjọ́ Sátidé.

Sí ẹ̀yin òbí: bí ẹ̀yin fúnra yín kò bá mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí ọmọ kà á sí yín létí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Inú rẹ̀ yóò dùn, ẹ̀yin náà yóò sì gbọ́ ìtàn. Ẹ tún sọ tiyín fún un: ìtàn bí ìlú yín ti tẹ̀ dó, ìtàn Ayélála, oríkì ìdílé yín, àwọn àlọ́ tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ìyá yín. Kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀, kí olùkọ́ tún un ṣe, kí a sì kó o sínú yàrá ìkàwé. Ohun tí àgbàlagbà mọ̀ tí a kò kọ, ikú yóò kó o lọ ní ọjọ́ kan. Yàrá ìkàwé Ìkálẹ̀ tí kò ní ìtàn Ìkálẹ̀ nínú, àlejò ni yóò jẹ́ láàárín wa.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kẹta lónìí yóò jáde láàárín ọdún mẹ́ta, kò sì ní í dúró de ìpàdé tí a sún síwájú. Nítorí náà, iṣẹ́ kan ni a gbé lé gbogbo ẹni tí ó bá ka ìwé ìròyìn yìí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Lọ sí ilé-ìwé tí ó sún mọ́ ọ jù. Kí ọ̀gá ilé-ìwé tìfẹ́tìfẹ́, kí o sì bi í ní ohun mẹ́ta: níbo ni ìwé wà, lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà, ọjọ́ wo ni ọmọ kan mú ìwé lọ sí ilé gbẹ̀yìn? Bí ìdáhùn bá dára, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì fi ìwé kan kún un. Bí kò bá dára, má ṣe bínú sí i. Pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ, ẹ padà lọ pẹ̀lú pákó, ìṣó àti ìwé mélòó kan, kí ẹ sì má kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí.